Màmá Táńkì, Tí Wọ́n Ń Yan Alájọgbé fún Ẹja Ńlá

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́sàn-án náírà ni wíìgì tí ìyàwó Ẹnjiníà dé wá kí wa nígbà tí màmá mi àgbà kú. Mo mọ iye rẹ̀ torí pé ọwọ́ mi ló ti rà á, ní ṣọ́ọ̀bù irun mi ní Ajah, kò sì nájà rárá. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa, ó ń fi etí áńkáṣífù nu ojú, ó ní, "Ìyá Rọ̀kíbà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Èèyàn dáadáa ni màmá." Mo ní a dúpẹ́. Mo wá béèrè pé ọkọ wọn ńkọ́. Ó ní iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó lè wá. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí. Iṣẹ́ kọ́. Fọ́tò Màmá tó wà lára ìwé ìkéde òkú, èyí tí a lẹ̀ káàkiri àdúgbò, ni kò jẹ́ kó lè wá, torí pé òun gan-an ló ní kí wọ́n ya fọ́tò náà.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Fọ́tò yẹn ló dára jù nínú gbogbo èyí tí Màmá yà láyé wọn. Gèlè wọn dúró ṣánṣán, ojú wọn le, wọ́n wo kámẹ́rà bí ẹni tó fẹ́ gbá a létí. Ẹnu géètì ẹ́sítéètì kan lọ́nà Ṣàngótẹ̀dó ni wọ́n ti yà á. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé àwọn sìkiọ́rítì, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé olè ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jẹ́ kó wọlé. Oṣù mẹ́jọ ló fi wà níbẹ̀. Nígbà tí a ń wá fọ́tò tí a máa lò fún òkú, àbúrò mi ní kí a lo ti káàdì ìdìbò. Mo ní rárá o, ti olè ni ká lò.

Pírámárì márùn-ún ni mo kà. Ohun tí mo mọ̀ láyé yìí ò ju irun, ọjà àti ẹnu lọ. Ẹni tó bá ń wá ọjọ́ tí wọ́n bí Màmá àti iye ọmọ tí wọ́n bí, kó lọ bá àwọn tó mọ̀wé nínú ẹbí wa. Ohun tí mo fẹ́ kọ ni irú èèyàn tí wọ́n jẹ́, ohun tí Ẹnjiníà ṣe sí wọn, àti bí wọ́n ṣe san án fún un. Ẹnjiníà ti lé ní àádọ́ta ọdún, àgbà ni lójú tèmi, ṣùgbọ́n mi ò ní fi ọ̀wọ̀ kankan pè é nínú ìwé yìí. Bó bá dùn ún, ó mọ ṣọ́ọ̀bù mi.

Sàbítíyù ni wọ́n sọ Màmá, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ yẹn. Màmá Táńkì ni gbogbo Ajah mọ̀, torí pé ẹ̀yìn ilé wọn, níbi tí atẹ́gùn ọ̀sà ti ń fẹ́ wọlé, táńkì sìmẹ́ńtì mẹ́rin ló wà níbẹ̀, àti ti gíláàsì kan tí igun rẹ̀ ti sán. Ẹja àrọ̀ tí à ń jẹ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn olówó Lekki bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ táńkì gíláàsì sínú pálọ̀. Wọ́n ń wá àrọ̀ ńlá tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun, èyí tí irùngbọ̀n rẹ̀ gùn, tí ìrù rẹ̀ sì pupa bí ata rodo. Wọ́n á ra ọ̀kan, wọ́n á tún fẹ́ kí ẹja wẹ́wẹ́ aláràbarà máa yí i ká bí ọmọge. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ Màmá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹja títà nìkan kọ́. Ẹni tí ẹja ńlá máa bá gbé ni wọ́n ń yàn fún un.

Ẹja onírù pupa yìí kì í jà. Ohun tí àwọn èèyàn ò mọ̀ nìyẹn. Kì í lé ẹnikẹ́ni, kì í bínú, ó kàn ń lọ jẹ́jẹ́ nísàlẹ̀ omi bí alhaji tó ń lọ kírun. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá ti gba ẹnu rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Kì í gé e jẹ, odidi ló ń gbé e mì, egungun ò ní kù, ìpẹ́ ò ní kù. Màmá ò ní rúlà. Ìka ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Wọ́n á ti ọwọ́ bọ omi, wọ́n á fi ìka wọn ẹnu ẹja ńlá láti igun dé igun, wọ́n á wá fi ìka kan náà wọn ikùn ẹja tí oníbàárà fẹ́ fi tì í. Bí ẹnu bá jẹ́ ìka mẹ́rin, ikùn ẹja kejì gbọ́dọ̀ tó mẹ́fà. Wọ́n á tún rán yín létí pé ẹnu yẹn ṣì ń dàgbà. Oníbàárà kan sọ fún wọn nígbà kan pé kí wọ́n wo ojú ẹja òun, pé ó tutù, kò lè ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Màmá wo ojú ẹja náà, wọ́n wo ojú oníbàárà, wọ́n ní, "Ojú kọ́ ló ń jẹun."

Òfin wọn pọ̀. Ẹja tó bá tẹ́ẹ́rẹ́, má fi sí i. Ẹja tó ń lá ògiri, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń sọ pé ó ń bá èèyàn fọ táńkì, má fi sí i, torí bí àrọ̀ ńlá bá ti sinmi, alá-ògiri á lọ lẹ̀ mọ́ ọn lára, á máa fa omi yíyọ̀ ara rẹ̀ mu títí á fi dégbò. Ẹja tó ga, tó fẹ̀ bí àwo ìjẹun, tó sì ń wẹ̀ lókè nígbà tí àrọ̀ ń wẹ̀ nísàlẹ̀, ìyẹn dára. Kí wọ́n fi àwọ̀n pààlà sáàárín wọn fún ọjọ́ mẹ́ta, kí olúkúlùkù mọ òórùn ẹnìkejì. Arákùnrin kan láti Jakande ní òun ò lè dúró ọjọ́ mẹ́ta, pé òun ní àlejò lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Màmá gba ẹja padà nínú ike tó gbé dání, wọ́n dá owó rẹ̀ fún un, wọ́n ní, "Lọ ra fọ́tò ẹja. Àlejò ò ní mọ̀."

Àwa ọmọ ọmọ wọn náà, ìka yẹn ni wọ́n fi ń wọn àwọn tó bá wá fẹ́ wa. Nígbà tí bàbá Rọ̀kíbà wá, Màmá gbé oúnjẹ fún un, wọ́n jókòó wò ó bó ṣe ń jẹ. Ó jẹ tirẹ̀ tán, ó wo tèmi, ó jẹ ẹ́ mọ́ ọn. Lẹ́yìn tó lọ, Màmá ní kí n má fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ ẹ. Ó jẹ ọjà mi tán láàárín ọdún mẹ́rin, ó sì bá ẹlòmíràn lọ. Mo sunkún wá sílé, mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Màmá bu oúnjẹ fún mi, wọ́n dúró kí n jẹun tán, wọ́n wá na ọwọ́ ọ̀tún wọn síta, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ìka mi ò tíì ṣì."

Bí ẹ bá ti ń rò pé ìyá jẹ́jẹ́ kan ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ yáa dúró. Màmá mọ èèyàn-án bínú sí. Ìyá Bísí, aládùúgbò wa, da omi ọṣẹ sí gọ́tà, omi náà ṣàn wọ táńkì kan, ẹja mọ́kànlélógún sì kú. Ìyá Bísí bẹ̀bẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ra ẹja míì dípò. Màmá ní ó ti tán. Láti ọjọ́ yẹn, fún ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n ń kí ọkọ Ìyá Bísí, wọ́n ń kí àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n ń kí ewúrẹ́ rẹ̀ pé ewúrẹ́ kú àárọ̀ o, wọ́n á sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Bísí fúnra rẹ̀ bí ẹni tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó iná. Ìmáàmù dá sí i, ó bi wọ́n pé ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ti dárí jì í. Màmá ní, "Ọkàn mi ti dárí jì í, Ìmáàmù. Ojú mi ni kò tíì gbọ́."

Bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà náà nìyẹn. Wọn kì í sọ pé kí Ọlọ́run bá àwọn ọ̀tá jà lápapọ̀. Wọ́n á dárúkọ ẹni náà, wọ́n á dárúkọ bàbá rẹ̀, wọ́n á wá júwe ilé: lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ta gáàsì, géètì aláwọ̀ ewé, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, yàrá ọwọ́ òsì. Mo bi wọ́n pé ṣé Ọlọ́run ò mọ ilé ni. Wọ́n ní, "Ó mọ̀ ọ́n. Àwọn tó máa rán níṣẹ́ ni mò ń júwe rẹ̀ fún."

Ọdún tó ṣáájú èyí tí wọ́n kú ni Ẹnjiníà wọ inú àdúrà yẹn. Màmá ló ta ẹja onírù pupa fún un. Inú gíláàsì tó sán lẹ́yìn ilé wa ni wọ́n ti sìn ín láti ìgbà tó ṣì kéré bí ìka títí ó fi gùn tó apá mi. Ẹnjiníà sọ ọ́ ní Gómìnà. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Màmá ń lọ sílé rẹ̀ nínú ẹ́sítéètì Ṣàngótẹ̀dó yẹn láti bá a fọ táńkì. Nínú ẹ́sítéètì kan náà, ilé mọ́kànlá ni wọ́n ti ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹnjiníà wá ní òun fẹ́ ẹja wẹ́wẹ́ aláwọ̀ góòlù méje sínú táńkì, kí pálọ̀ lè tàn. Màmá wọn ìka, wọ́n ní kò ṣeé ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti kà á lórí fóònù, ó sì lọ rà á níbòmíràn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ló dà wọ́n sínú omi. Lọ́jọ́ kejì, Màmá wá ṣe iṣẹ́ wọn. Wọ́n rí i pé ikùn Gómìnà yọ bọ̀ǹbọ̀ bíi ti aboyún, wọ́n ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí wọ́n lè sọ ọ́ fún nílé. Wọ́n fọ táńkì tán, wọ́n ru bàsíà wọn lórí, ó di ọ̀nà géètì.

Wọn ò tíì jáde tí Ẹnjiníà fi dé bá wọn níbẹ̀. Ó ti wọlé, kò rí ẹja góòlù. Ó ní òun wo ilẹ̀ táńkì, òun ò rí egungun kan, òun ò rí ìpẹ́ kan. Ó ní báwo ni ẹja kan ṣe máa jẹ ẹja méje láìsí èérún? Ẹni kan ṣoṣo ló ti ọwọ́ bọ inú omi náà, ìyá yìí ni. Àwọn sìkiọ́rítì ní kí Màmá jókòó sílẹ̀, sórí kọnkéré, lásìkò tí àwọn ọmọ ń ti ilé ìwé bọ̀. Wọ́n dojú bàsíà dé, wọ́n tú àpò Màmá títí kan ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fi ń kírun. Wọn ò rí nǹkan kan. Ẹnjiníà ní wọ́n ti nà án fún ẹnì kan lórí fẹ́ǹsì.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Màmá sọ ọ́: "Ẹnjiníà, ẹ lọ wo ikùn ẹja yín."

Ó kọjú sí àwọn tó dúró, ó ní, "Ẹni tí kò lè ka A, B, D ló fẹ́ wá kọ́ mi nípa ẹja."

Báyìí ni wọ́n ṣe ya fọ́tò. Ilé mọ́kànlá lọ lọ́jọ́ kan. Màmá ò sọ̀rọ̀ ilé mọ́kànlá. Wọ́n ní ẹ̀yìn ilé àwọn ṣì wà, àwọn èèyàn á wá. Orúkọ olè ni kò jẹ́ kí wọ́n jẹun. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ní àwọn fẹ́ kí àwọn tó kú: kí Ẹnjiníà dúró ní géètì yẹn, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé irọ́ ni òun pa. Wọ́n kọ́ ọ mọ́ àdúrà, pẹ̀lú àpèjúwe ilé.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé láàárín oṣù mélòó kan sí i, Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ ti mọ olè. Gbogbo ẹja tó bá rà sínú táńkì ló ń pòórá. Ìyàwó rẹ̀, Àǹtí Tómi, ló ń jókòó lórí àga mi tí ó ń sọ ọ́, tí mo ń bá a di irun, tí mo ń bá a káàánú, tí inú mi ń dùn bí ẹni jẹ móínmóín. Nígbà kan, ọkọ rẹ̀ rán an sí Màmá pé kí wọ́n bá òun yan alájọgbé fún Gómìnà, ṣùgbọ́n kí wọ́n gba géètì ẹ̀yìn wọlé kí ẹnikẹ́ni má rí wọn. Màmá ní àwọn á yàn án lọ́fẹ̀ẹ́ bí Ẹnjiníà bá lè wá yọ fọ́tò yẹn kúrò lójú gbogbo èèyàn. Kò wá. Àǹtí Tómi ò tún mú ọ̀rọ̀ náà wá mọ́.

Ọjọ́bọ̀ kan ló jókòó sórí àga mi, ó ní ọkọ òun ti wá nǹkan ṣe sí i. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àwọn apẹja máa gbé ọ̀bọ̀kún mẹ́fà wá fún un láti inú ọ̀sà. Mo ní ọ̀bọ̀kún tí à ń sè lọ́bẹ̀? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, pé Ẹnjiníà sọ pé ọ̀bọ̀kún ní irùngbọ̀n, Gómìnà náà ní irùngbọ̀n, ẹbí ni wọ́n, wọn ò lè jẹ ara wọn. Mo rẹ́rìn-ín títí irun fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni mo máa gbé lọ fún Màmá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò nínú omi. Ẹni tó bá ti ra ọ̀bọ̀kún láàyè rí mọ ohun tí wọ́n ń rò. Ẹ̀gún mẹ́ta ló ní, ọ̀kan lẹ́yìn, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó le bí ìṣó, ó sì ní eyín bí ayùn. Bí ẹ̀rù bá bà á, á na mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síta, kò sì ní ká wọn mọ́. Àwọn apẹja máa ń ṣẹ́ ẹ kúrò kí wọ́n tó gbé e fún èèyàn, ṣùgbọ́n ta ló máa ṣẹ́ ẹ̀gún ẹja tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ọ̀ṣọ́?

"Ó máa há a lọ́fun," Màmá ní. "Kò ní lè gbé e mì, kò ní lè bì í. Àwọn méjèèjì ló máa kú."

Mo fa fóònù yọ. "Ẹ jẹ́ kí n pe Àǹtí Tómi."

"Gbé fóònù sílẹ̀."

"Màmá, Gómìnà tí ẹ fọwọ́ ara yín sìn?"

"Mo ní gbé e sílẹ̀. Ẹnu géètì ni wọ́n ti pè mí lólè. Ẹnu géètì ni màá ti kìlọ̀ fún un."

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, a wọ kẹ̀kẹ́, èmi pẹ̀lú wọn. Màmá wé gèlè tí wọ́n wé sí fọ́tò yẹn. Sìkiọ́rítì tó wà níbẹ̀ ń jẹ́ Bàbá Lámídì, àgbàlagbà ni, kò lè wò wọ́n lójú. Fọ́tò wà lórí ògiri lókè orí rẹ̀ gan-an. Màmá wò ó dáadáa, wọ́n tún gèlè orí wọn ṣe kó lè bá ti ògiri mu.

Bàbá Lámídì ní kí wọ́n má bínú, pé àṣẹ Ẹnjiníà ni pé àwọn ò gbọdọ̀ gbà wọ́n wọlé, àwọn ò sì gbọdọ̀ gba iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ wọn, bó ti wù kó kéré mọ. Mo ti múra ìjà. Màmá dì mí lọ́wọ́ mú. Wọ́n bi í pé ìwé ńlá tó wà níwájú rẹ̀ yẹn, ṣé wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tí wọ́n bá dá padà sínú rẹ̀? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òfin ẹ́sítéètì ni, orúkọ, aago, àti ohun tí ẹni náà bá wá.

"Ó dáa," Màmá ní. "Kọ mí."

Wọ́n ń sọ, ó ń kọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní kó kà á padà sí àwọn létí. Wọ́n gba báírò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi kun àtàǹpàkò wọn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń fi ìka nu ara ògiri ni jíìpù Ẹnjiníà ti jáde. Bàbá Lámídì sáré síwájú, ó juwọ́ sí i pé kó dúró. Gíláàsì dúdú yẹn ò sọ̀kalẹ̀. Ọkọ̀ kọjá. Màmá rẹ́rìn-ín músẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́jọ, wọ́n ní, "Kọ ìyẹn náà."

Ọjọ́ Àìkú ni Àǹtí Tómi pè mí. Wọ́n jí bá Gómìnà tó ti kú, tó yí ikùn sókè, ìrù ọ̀bọ̀kún yọ síta lẹ́nu rẹ̀. Mo sáré lọ bá Màmá bí ẹni tó gbé oríire lọ́wọ́. Mo rò pé a máa jó ni. Wọ́n gbé àpótí wọn lọ sí ẹ̀gbẹ́ gíláàsì tó sán, wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń wo omi tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Mo dúró, mo dúró, mo wá béèrè pé kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kí n pè nígbà yẹn. Wọn ò wò mí. Wọ́n ní, "Bí o bá pè, ẹja á yè, èmi á sì jẹ́ olè títí wọ́n á fi sin mí."

Mi ò sọ pé ohun tí wọ́n ṣe dára. Ẹja náà ò pe ẹnikẹ́ni lólè. Àmọ́ kò sẹ́ni tó di ọwọ́ mi mú nígbà tí mo délé mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nọ́ńbà Àǹtí Tómi wà lórí fóònù mi, èmi náà ò sì pè é.

Ẹnjiníà ò ṣọ̀fọ̀, ẹjọ́ ló gbé dìde. Ó lọ bá alága ẹ́sítéètì, ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ó ní Màmá ti fi nǹkan burúkú ṣe ẹja òun, pé wọ́n rí i ní géètì nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí ẹja kú, tó ń fi ọwọ́ pa ògiri. Alága ní kí wọ́n pe Màmá wá sí mítìn kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn. Báyìí ni Màmá ṣe gba iwájú fọ́tò ara wọn wọlé, Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ ló sì fà á.

Ọgbọ̀n èèyàn á wà níbẹ̀. Ẹnjiníà sọ tirẹ̀, ó sọ ọ́ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Alága bi Màmá pé kí ni wọ́n wá ṣe ní géètì. Màmá ní àwọn ò mọ̀wé, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ìwé. Bàbá Lámídì gbé ìwé ńlá wọlé. Alága gbé awò sójú, ó kà á fún gbogbo wa:

"Ìyá ẹlẹ́ja wá láago mẹ́sàn-án àárọ̀. Wọ́n ní kí a sọ fún Ẹnjiníà kó má fi ọ̀bọ̀kún sínú táńkì rẹ̀ lọ́la, pé ẹ̀gún rẹ̀ máa há ẹja rẹ̀ lọ́fun, àwọn méjèèjì máa kú. A dá wọn padà gẹ́gẹ́ bí àṣẹ Ẹnjiníà. Ẹnjiníà jáde láago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú, a juwọ́ sí i, kò dúró."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Èmi ni. Alága yọ awò, ó bi Ẹnjiníà pé ẹja góòlù méje ọjọ́sí ńkọ́, ṣé ó ti wá rí olè tó jí wọn? Ẹnjiníà ní ìyẹn yàtọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló dáhùn láti ẹ̀yìn, kò pariwo, ó ní, "Ẹja mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti wọ inú táńkì yẹn lẹ́yìn ìgbà tí ẹ lé ìyá lọ. Ta ló wá jí wọn?" Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣe gbé bẹ́ǹṣì fún un nígbà tó wá kí wa.

Wọ́n bi Màmá pé kí ni wọ́n fẹ́. Wọ́n ní kí Ẹnjiníà wá sí géètì, lásìkò tí àwọn ọmọ bá ń ti ilé ìwé bọ̀.

Ó wá. Alága dúró tì í kó má baà sá. Àwọn ọkọ̀ tò, àwọn ọmọ yọ orí lójú fèrèsé. Ẹnjiníà ní, "Ìyá yìí kì í ṣe olè. Ẹja mi ló jẹ àwọn ẹja yẹn. Mo purọ́ mọ́ wọn."

Màmá fi ọwọ́ sétí. "Bàbá Lámídì ò gbọ́."

Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ ga. Bó ṣe na ọwọ́ sí ògiri pé kó já fọ́tò wálẹ̀, Màmá ní, "Má ya á. Fọ́tò mi ni." Ó wá ń fi èékánná yọ gọ́ọ̀mù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, igun kan tẹ̀ lé igun kan, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, gbogbo wa sì dúró dè é.

Nígbà tó gbé fọ́tò lé Màmá lọ́wọ́, ó fi ìdì owó kan tì í, ó ní kí wọ́n fi ra nǹkan jẹ, kí ọ̀rọ̀ tán pátápátá. Màmá ò kà á. Wọ́n bi mí pé èló ni a wọ kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ tí a wá kìlọ̀ fún un. Mo ní irinwó náírà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan ní àlọ, irinwó ní àbọ̀. Wọ́n ní kí n mú ti àwa méjèèjì nínú rẹ̀, torí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni a wá jẹ́, kí n sì kó ìyókù padà fún un, kí ẹnikẹ́ni má sọ lọ́la pé wọ́n ra ẹnu àwọn. Ṣéńjì ò pé lọ́wọ́ Ẹnjiníà. Bàbá Lámídì sáré lọ wá a lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta káàdì fóònù, mo sì ṣí i kà lójú gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pé: ẹgbẹ̀jọ náírà.